Ọkọ̀ Màmá Tó Ń Ké

Ọjọ́ tí ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin gbé ọkọ̀ náà wọ Òsí, ẹ̀yìnkùlé ni ìyá wa wà, ó ń sá gbágùúdá sórí àpáta. Ó gbọ́ tí wọ́n ń fọn fèrè ọkọ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ṣùgbọ́n kò lè yára, nítorí ẹsẹ̀ rẹ̀ ọ̀tún ti ń wú láti ọdún tó ṣáájú. Kó tó yọ sí iwájú ilé, àwọn ará àdúgbò ti pé lé ọkọ̀ lórí. Ọkọ̀ aláwọ̀ eérú ni. Tòkunbọ̀ ni lóòótọ́, àmọ́ ó mọ́ tónítóní. Ẹ̀gbọ́n mi di ìyá wa lọ́wọ́ mú, ó gbé ọwọ́ náà lé bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó ní:

“Màmá, ọkọ̀ yín rèé. Ẹ ti gun ọ̀kadà parí láyé.”

Ìyá mi bú sẹ́kún. Ó ṣàdúrà títí ohùn fi há a lọ́fun. Èmi náà sunkún. Mo ń tètè sọ èyí kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé ìkórìíra ni mo fi pàdé ọkọ̀ náà.

Àwa méjì péré la ṣẹ́ kù fún ìyá wa nínú ọmọ márùn-ún tó bí. Ẹ̀gbọ́n mi fi ọdún méje jù mí lọ. Àbújá ló ń gbé, iṣẹ́ rẹ̀ sì ń lọ dáadáa. Èmi ni mo wà nílé. Tíṣà ni mí, sáyẹ́ǹsì ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ ní ilé ẹ̀kọ́ girama kan lágbègbè wa. Nígbà tí ọkọ mi kú, tí àwọn ọmọ mi sì ti lọ sí ibi tí oúnjẹ òòjọ́ gbé wọn lọ, mo padà sọ́dọ̀ ìyá mi. Ẹ̀jẹ̀ ríru ń ṣe é. Lóṣooṣù ni mo máa ń gbé e lọ kí wọ́n wo bí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ṣe ga tó, ọ̀kadà la sì máa ń gùn. Á di ọlọ́kadà mú láti ẹ̀yìn bí ẹni tó di igi mú nínú omi, á pa ojú dé, kò sì ní í là á títí a ó fi dúró.

Mo mọ ọkọ̀ wà. Ọkọ mi ló kọ́ mi nígbà ayé rẹ̀, nínú píkọ́ọ̀pù tó fi ń kó iṣu lọ sí Ìlọrin. Nítorí náà, nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi fẹ́ padà sí Àbújá, ó fi kọ́kọ́rọ́ kan lé mi lọ́wọ́. Ó ní kí n máa tan ẹ́ńjìnnì lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ kí bátìrì má baà kú, kí n sì máa fi ọkọ̀ gbé Màmá lọ síbi àyẹ̀wò.

Oṣù mẹ́rin la fi gbádùn rẹ̀. Ìyá mi á jókòó níwájú, á fi aṣọ ìléwọ́ nu gíláàsì tí kò dọ̀tí. Bí a bá ń kọjá lójú ọ̀nà Ọ̀pin, bó bá rí ẹni tó mọ̀, á ní kí n rọra, kí òun lè kí i láti inú ọkọ̀. Mo máa ń rọra. Ẹ̀rín rẹ̀ nígbà náà, mi ò rí irú rẹ̀ mọ́ lẹ́yìn ìyẹn.

Ní oṣù karùn-ún, wọ́n ń ṣe àyẹ̀wò òṣìṣẹ́ ní ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀ ní Ararọ̀mí-Ọ̀pin. Ọjọ́ ìkẹyìn ni, òjò sì ti ń rọ̀ láti òru. Ọlọ́kadà kankan kò jáde. Mo sọ fún ìyá mi, ó ní kí n gbé ọkọ̀ lọ, ta ló tún ń dúró de àṣẹ? Mo gbé e lọ, mo fi ìwé hàn, mo gbé e padà, mo sì fi aṣọ gbígbẹ nu ẹrẹ̀ ara rẹ̀. Ìbátan wa kan rí mi níbẹ̀. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ìròyìn ti dé Àbújá.

“Ta ló ní kó o gbé ọkọ̀ lọ sí Ararọ̀mí?” Bí ẹ̀gbọ́n mi ṣe kí mi lórí fóònù nìyẹn.

“Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má bínú. Ìwé iṣẹ́ ni mo lọ fi hàn, òní ni wọ́n sì ń parí rẹ̀. Òjò ni ò jẹ́ kí n rí ọ̀kadà.”

“Ọkọ̀ Màmá ni mo rà. Mi ò ra ọkọ̀ tíṣà.”

Ó pa fóònù. Mo sọ fún ìyá mi pé ó kí i.

Nígbà ọdún Àjíǹde, ó wá sílé, ó sì mú ríwáyà kan lẹ́yìn wá láti Òmù-Àrán, kó wá de aláàmù mọ́ ọkọ̀, ẹ̀rọ tó ń ké bí olè bá fọwọ́ kàn án. Ríwáyà là ń pe àwọn tó ń tún iná ọkọ̀ ṣe. Ọkùnrin náà á tó ẹni ogójì ọdún, ọlọ́yàyà èèyàn ni, ọwọ́ rẹ̀ sì mọ́ nínú iṣẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n ń jẹun. Èmi gbé àpótí ìjókòó sún mọ́ ọkọ̀, nítorí ó máa ń wù mí láti wo ẹni tó mọ iṣẹ́ rẹ̀.

Ó bi mí pé kí ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ. Mo sọ fún un. Inú rẹ̀ dùn. “Tíṣà, ẹ súnmọ́ ibí kẹ́ ẹ wò ó. Iná tẹ́ ẹ ń yà sójú pátákó ni.”

Ó fi àpótí dúdú kan hàn mí, kò ju páálí ìṣáná méjì lọ. Ó ní ọpọlọ aláàmù nìyẹn. Wáyà tó wọ inú rẹ̀ pọ̀. Àwọn kan ń mú ìròyìn wọlé, àwọn kan ń gbé àṣẹ jáde. Ó ṣí ilẹ̀kùn ọkọ̀, ó tọ́ka sí bọ́tìnnì kékeré kan lára férémù, èyí tó máa ń jẹ́ kí iná òrùlé tàn nígbà tí ilẹ̀kùn bá ṣí. Ibẹ̀ ló so wáyà kan mọ́. Bí ilẹ̀kùn bá ṣí láìjẹ́ pé rìmóòtù ló fún un láṣẹ, ọpọlọ á gbọ́. Ó tún lẹ ohun kan mọ́ irin lábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù, tó rí bí ìdajì ọṣẹ ìfọwọ́. Ìyẹn ló ń mọ̀ bí ara ọkọ̀ bá gbọ̀n, bóyá ẹnìkan ń fọ́ gíláàsì tàbí ó ń fi jáàkì gbé e láti yọ táyà. Ojú kékeré kan wà lára rẹ̀ tí wọ́n máa ń yí, bí wọ́n bá ṣe yí i tó ni etí rẹ̀ á ṣe mú tó.

“Yí i dópin!” Ẹ̀gbọ́n mi ló kígbe bẹ́ẹ̀ láti ọ̀dẹ̀dẹ̀. “Mo fẹ́ kó mọ̀ bí eṣinṣin bá bà lé e.”

Ríwáyà yí i dópin. Ó sọ fún mi wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ pé òun kò ní í ṣe bẹ́ẹ̀ sí ọkọ̀ tòun.

Mo bi í nípa rìmóòtù. Bó bá jẹ́ pé ojú afẹ́fẹ́ ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń gbà bíi ti rédíò, ṣé olè kò lè gbé ẹ̀rọ mìíràn gbọ́ ọ, kó sì sín in jẹ? Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní àwọn olè ti ṣe bẹ́ẹ̀ rí. Ní báyìí, gbogbo ìgbà tí èèyàn bá tẹ̀ ẹ́, nọ́ńbà tó ń rán jáde máa ń yàtọ̀. Rìmóòtù àti ọpọlọ jọ mọ bí nọ́ńbà ṣe tẹ̀ léra. Èyí tí wọ́n bá ti lò lẹ́ẹ̀kan ti kú nìyẹn, ẹni tó bá jí i, òkú ló jí. Mo gbádùn ọ̀rọ̀ yẹn. Mo tilẹ̀ rò ó pé n ó fi kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì mi.

Lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó de fèrè kan tó ní ẹnu gbàgàdà. Ó ní fèrè náà ní bátìrì tirẹ̀ nínú, pé bí olè bá yọ bátìrì ọkọ̀ pàápàá, kò ní í dákẹ́. Lẹ́yìn náà ló wá fi èyí tó kẹ́yìn hàn mí, nǹkan olójú mẹ́rin kékeré tí wọ́n ń pè ní rílè.

“Èyí lọ̀gá gbogbo wọn, Tíṣà. Mo máa gé wáyà tó ń gbé iná lọ sí pọ́ọ̀ǹpù epo, máa wá fi èyí sí àárín rẹ̀. Bí ọpọlọ kò bá gbà, iná ò ní í kọjá. Kí olè ní kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́, kó tan án. Ẹ́ńjìnnì á dáhùn díẹ̀ pẹ̀lú epo tó wà nínú páìpù. Lẹ́yìn ìyẹn, á kú.”

Ó wá mú téépù dúdú, ó fi wé gbogbo wáyà náà, àtèyí tó pupa, àtèyí tó funfun, títí gbogbo wọn fi di dúdú kan náà, kí ẹni tó bá yọjú sábẹ́ ibẹ̀ má baà mọ èyí tó ń ṣe kí ni.

“Bí rìmóòtù bá wá sọnù ńkọ́?” ni mo bi í. “Tàbí tí ẹni tó ni ín kò sí nítòsí?”

Ó la ẹnu. Ó wo ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó pa ẹnu dé, ó sì tún ń wé téépù.

“Ọ̀gá mọ ohun tí wọ́n máa ṣe,” ló wí.

Mi ò bi í lẹ́ẹ̀kejì. Tíṣà tó máa ń sọ fún àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ pé kí wọ́n má fi ìbéèrè sílẹ̀ láìrí ìdáhùn, kò béèrè lẹ́ẹ̀kejì.

Rìmóòtù méjì ló bá aláàmù náà wá. Ẹ̀gbọ́n mi fi méjèèjì sí orí òrùka kọ́kọ́rọ́ rẹ̀. Nígbà tí mo fẹ́ dá kọ́kọ́rọ́ ọwọ́ mi padà fún un, ó ju ọwọ́. “Máa mú un. Irin lásán ni báyìí.” Ó ní bí òun bá ti wálé, òun fúnra òun á máa gbé Màmá lọ síbi àyẹ̀wò. Ó ń kọ́ ilé lọ́wọ́ ní Òsí nígbà náà, kì í pé oṣù kan kó tó wá wo ibi tí iṣẹ́ dé. Ọkọ̀ rẹ̀ kejì ló máa ń gbé wá, á tan ti Màmá, á sì gbé e káàkiri ìlú. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tó máa ń wá àti ọjọ́ àyẹ̀wò kò bọ́ sí ara wọn rí. Ìyá mi padà sẹ́yìn ọlọ́kadà. Bí a bá ń jáde lọ, ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ rẹ̀ la máa gbà kọjá, a ó sì rọra kọjá, kó má baà ké.

Nítorí ó ń ké. Ewúrẹ́ fara nù ún, ó ké. Máńgòrò já lé e, ó ké. Àrá sán ní Ìlọ́fà, ó ké ní Òsí. Bọ́ọ̀lù àwọn ọmọdé, ẹyẹ, ọkọ̀ tó ń gbé yanrìn kọjá. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, gbogbo àdúgbò ń sáré jáde pẹ̀lú igi lọ́wọ́. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, wọ́n ń yọjú lójú fèrèsé. Kí oṣù tó parí, kò sẹ́ni tó ń gbé orí sókè. A ò ní rìmóòtù tí a lè fi pa á, à á jókòó dúró títí tó fi máa dákẹ́ fúnra rẹ̀. Ìyá mi a máa bẹ̀ ẹ́ bí ẹni ń bẹ ọmọ ọwọ́: “Ó tó, ó tó báyìí. Kò sẹ́ni tó fẹ́ gbé ọ.”

Ọjọ́ Sátidé kan ni ọ̀rọ̀ náà ṣẹlẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ti wà nílé láti Ọjọ́bọ̀, nítorí ìsìnkú bàbá ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ní Ìlọ́fà. Ọkọ̀ àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ni wọ́n jọ wọ̀ lọ láàárọ̀. Ọkọ̀ rẹ̀ kejì wà lọ́dọ̀ mẹkáníìkì. Ti Màmá wà níwájú ilé lábẹ́ igi máńgòrò.

Ó tó bí aago méjìlá ọ̀sán. Mò ń fọ aṣọ. Ìyá mi jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ó ń ṣẹ́ ẹ̀gúsí sínú àwo. Mo gbọ́ tí àwo bọ́ sílẹ̀. Mo yíjú, mo rí i pé ẹ̀gúsí ti tú ká, ó sì ń fi ọwọ́ òsì ṣà á. Ọwọ́ ọ̀tún kàn dùbúlẹ̀ lórí itan rẹ̀ bí ohun tí wọ́n gbàgbé síbẹ̀. Mo pè é. Ó wò mí, ẹnu rẹ̀ ti yí sí ẹ̀gbẹ́ kan.

Mo mọ ohun tó jẹ́. Nọ́ọ̀sì ti sọ fún mi lọ́pọ̀ ìgbà pé bí mo bá rí i báyìí, kí n má dúró rárá. Mo kígbe pe aránṣọ tó ń gbé ní òdìkejì, opó bíi tèmi. Ó sáré wá, téépù ìwọn-aṣọ ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. A jọ gbé ìyá mi. Ọ̀dọ̀ ọkọ̀ la gbé e lọ. Mi ò tilẹ̀ ronú. Ìyá mi ń kú lọ, ọkọ̀ ìyá mi wà lẹ́nu ọ̀nà, kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sì wà lórí ìṣó nínú yàrá mi.

Bí mo ṣe ṣí ilẹ̀kùn, ọkọ̀ náà bú sígbe. A gbé e jókòó sí iwájú, níbi tó máa ń jókòó sí. Mo yí kọ́kọ́rọ́. Ẹ́ńjìnnì dáhùn! Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run sókè. Mo fi jíà sí i, ọkọ̀ ṣípò, kò tíì rìn tó ẹsẹ̀ bàtà mẹ́wàá tó fi kú. Mo tún yí i. Ó ń yí lásán. Mo mọ ìdí rẹ̀ pátápátá, bí mo ṣe mọ orúkọ mi. Epo inú páìpù ti tán, rílè kò sì jẹ́ kí iná dé ọ̀dọ̀ pọ́ọ̀ǹpù. Mo sùn sílẹ̀, mo ki orí bọ abẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù. Wáyà dúdú, wáyà dúdú, wáyà dúdú. Mo fa ọ̀kan, kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀. Mo ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, mo yọ orí bátìrì bóyá ariwo náà á tilẹ̀ dákẹ́ kí n lè ronú. Fèrè náà ò dákẹ́. Mo dá orí bátìrì padà.

Kò sẹ́ni tó jáde. Ẹnìkan kígbe láti ẹ̀yìn ògiri pé, “Ẹ lé ewúrẹ́ yẹn kúrò lára ọkọ̀ yín!”

Ìyá mi fi ọwọ́ òsì bo etí kan. Èkejì kò rí ọwọ́ tó máa bò ó. Ó sọ ohun kan, mo sún etí mọ́ ọn lẹ́nu. “Ulé,” ló ń wí. “Ulé.” Bí a ṣe ń pe ilé ní tiwa nìyẹn. Ó fẹ́ kí n gbé òun kúrò nínú ariwo náà padà sínú ilé. Ọ̀rọ̀ tó sọ tó yé mi kẹ́yìn nìyẹn.

Mo pe ẹ̀gbọ́n mi. Kò gbé e. Mo tún pè é, kò gbé e. Ní ẹ̀ẹ̀kẹta, ó gbé e. Mo gbọ́ orin lẹ́yìn rẹ̀. Òun náà gbọ́ fèrè ọkọ̀ lẹ́yìn mi.

“Kí lò ń fi ọkọ̀ mi ṣe?” ló kígbe. “Kí lò ń fi ọkọ̀ mi ṣe? Ṣé mi ò ti kìlọ̀ fún ọ ni?”

“Ẹ̀gbọ́n mi, Màmá ni! Màmá ni! Ara rẹ̀ ti rọ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ẹ sọ fún mi bí mo ṣe lè tan án!”

“O ti fẹ́ gbé e lọ síbìkan ni. Mo mọ̀ ọ́.”

“Màmá ń kú lọ!”

Mo gbọ́ tó ní, “Ẹ pa orin yẹn!” Ó ní, “Dúró, dúró, gbọ́, lábẹ́…” Nẹ́tíwọ́ọ̀kì já. Mo pè é títí, obìnrin inú fóònù ló ń dá mi lóhùn. Ó sọ fún mi lẹ́yìn náà pé òun náà ń pè mí. Mo gbà á gbọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tó kọ́kọ́ sọ, tó fi jẹ gbogbo àkókò tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì fún wa, mi ò lè gbàgbé rẹ̀.

Aránṣọ ló sáré lọ sí ojú títì pe ọlọ́kadà. A fi ìyá mi sí àárín èmi àti ọlọ́kadà, a fi ọ̀já dè é mọ́ mi lára. Ilé ìwòsàn kékeré tó wà nílùú la kọ́kọ́ dé. Nọ́ọ̀sì ibẹ̀ ṣe ohun tó lè ṣe, ó kọ lẹ́tà, ó ní ká máa gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ńlá. Takisí tó ń lọ ti kún fún èrò. Mi ò tíì bẹ̀ wọ́n tán tí gbogbo èrò inú rẹ̀ fi bọ́ọ́lẹ̀, àwọn tí wọn ò mọ̀ wá rí. Obìnrin kan bọ́ gèlè rẹ̀, ó ká a sábẹ́ orí ìyá mi.

Dókítà bi mí pé ìgbà wo ló bẹ̀rẹ̀. Mo ní aago méjìlá. Ó wo aago ara ògiri, ó kọ ọ́ sílẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi dé nírọ̀lẹ́. Wọ́n gbé e láti Ìlọ́fà dé Òsí, ó sì gbé ọkọ̀ Màmá wá bá wa. Mo wà lójú fèrèsé wọ́ọ̀dù nígbà tó wọlé. Ó bọ́ọ́lẹ̀, ó ń sáré bọ̀, ó sì fi rìmóòtù sẹ́yìn, ó tẹ̀ ẹ́ láìwẹ̀yìn. Ọkọ̀ náà fọhùn lẹ́ẹ̀mejì, iná rẹ̀ ṣẹ́jú. Ó ti tì í pa.

Ìyá mi lo ọjọ́ mẹ́sàn-án. Kò sọ̀rọ̀. Mò ń fi ṣíbí rin ètè rẹ̀. Ní àárọ̀ ọjọ́ kẹwàá, ó lọ.

Ríwáyà wá kí wa kú ará fẹ́ra kù. Ó jókòó díẹ̀, ó sì bẹ̀ mí pé kí n tẹ̀ lé òun jáde. Ilẹ̀kùn ọkọ̀ wà ní ṣíṣí, ẹ̀gbọ́n mi ń kó ìjókòó jáde nínú búùtù. Ríwáyà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ki ọwọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ibi tí ẹni tó bá jókòó síwájú máa ń gbé orúnkún sí, ó sì fi bọ́tìnnì kan hàn mí. Kò ju kóró ẹ̀wà lọ.

“Ẹ máa tan kọ́kọ́rọ́, ẹ máa tẹ èyí mọ́lẹ̀, gbogbo ẹ̀ á dákẹ́, ọkọ̀ á sì lọ,” ló wí. Omi ń bọ́ lójú rẹ̀. “Gbogbo aláàmù ló ní in. Tíṣà, mo fẹ́ sọ ọ́ lọ́jọ́ yẹn. Ọ̀gá ló ní bí mo bá sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni nínú ilé yìí, owó iṣẹ́ mi nù.”

Mo sọ fún un pé kó máa lọ sílé, pé kì í ṣe ẹ̀bi rẹ̀. Ọ̀rọ̀ lásán ni. Ó jẹ̀bi. Èmi náà tí mi ò béèrè lẹ́ẹ̀kejì, mo jẹ̀bi. Ṣùgbọ́n ẹ̀bi kò rí bákan náà lọ́wọ́ gbogbo wa.

Níbi ìsìnkú, ẹ̀gbọ́n mi dìde, ó sọ fún àwọn èèyàn bí òun ṣe tọ́jú ìyá òun tó. Ó ní òun ra ọkọ̀ fún un kó má baà gun ọ̀kadà mọ́. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un. Aránṣọ wò mí. Mo wo ilẹ̀.

Ọjọ́ kẹta ìsìnkú, mò ń ká aṣọ ìyá mi nínú yàrá rẹ̀. Ó wọlé, ó jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì.

“O ò bá mi sọ̀rọ̀.”

“Kí ni kí n sọ, ẹ̀gbọ́n mi?”

Ó ní ọkọ̀ tí òun kọ́kọ́ rà ní Àbújá, àbúrò ìyàwó òun ló jí i, ẹni tó ń gbé nínú ilé òun, tó ń jẹ oúnjẹ òun. Kọ́kọ́rọ́ orí tábìlì ló mú. “Láti ọjọ́ yẹn ni mi ò ti fọkàn tán ẹnikẹ́ni. Ikú ilé ló ń pani.”

“Ẹ sì rò pé èmi náà á jí i.”

“Mi ò rò ó bẹ́ẹ̀. Mo kàn fẹ́ kó jẹ́ pé kò sẹ́ni tó máa lè gbé e láìjẹ́ pé mo mọ̀.”

“Ó kúkú ṣiṣẹ́,” ni mo wí.

Ó gbé ojú sórí òkìtì aṣọ Màmá, ó ń sunkún. Mi ò rí ẹ̀gbọ́n mi kó sunkún rí láti kékeré, àní nígbà tí bàbá wa kú. Bí mo bá na ọwọ́, mo máa kàn án léjìká. Mo mú aṣọ mìíràn, mo ń ká a. Títí di òní, mi ò mọ̀ bóyá ojú ẹ̀ ń tì mí.

Ó gbé ọkọ̀ náà lọ, mo sì gbọ́ pé ó ti tà á. Ilé tó ń kọ́ ní Òsí kò tíì ní òrùlé. A ò jà. Ó ń pè mí lóṣù lóṣù. Mo máa ń sọ pé, “Ẹ kú àárọ̀, ẹ̀gbọ́n mi,” mo máa ń béèrè àwọn ọmọ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó sọ pé òun fẹ́ ra ọkọ̀ kékeré kan fún mi. Mo ní kó má ṣe wàhálà.

Ní ọdún yìí, wọ́n sọ fún mi pé ẹ̀jẹ̀ tèmi náà ti ń ga. Nọ́ọ̀sì tó ṣí káàdì fún mi ṣì kéré, ó ń kọ ohun gbogbo jẹ́jẹ́. Ó bi mí pé bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀ sí mi, ta ni kí wọ́n pè. Mo ka nọ́ńbà aránṣọ fún un.

“Ṣé ẹbí yín ni, Mà?”

“Aládùúgbò mi ni.”

“Ṣé ẹ ò ní ẹbí tó sún mọ́ yín ni?”

Mo ní mo ní ẹ̀gbọ́n kan ní Àbújá. Ó gbé bírò sókè, ó ń dúró kí n pe nọ́ńbà náà. Mo sọ fún un pé èyí tó ti kọ yẹn ti tó. Mo gba káàdì, mo jáde lọ wá ọlọ́kadà.